Iṣẹ́ Ilé, Iṣẹ́ Ta Ni?



Ní ilé kéú wa ní Ìgànmú níbí, ọmọbìnrin kan wà tí ó máa ń pẹ́ dé. A máa ń nà án lẹ́gba. Ọjọ́ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bi í léèrè, ó ní òun ni òun ń pọnmi, tí òun ń gbálẹ̀, tí òun sì ń wẹ àwọn àbúrò òun kí òun tó jáde. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, tí wọ́n jọ ń ka kéú, kì í pẹ́. Ojú tì wá.

Ìyá wọn kì í ṣe ọ̀lẹ. Ìdájí ló ti ń lọ sí ọjà. Láti ìgbà tí ìjọba ti gbé ètò SAP kalẹ̀ ní 1986, tí náírà wálẹ̀, tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ bàbá, ọ̀pọ̀ ìyá ló ń gbọ́ bùkátà tí Sharia gbé lé ọkùnrin lọ́rùn. A kò bẹnu àtẹ́ lu obìnrin tí ń ṣòwò. Oníṣòwò ni Khadijah. Ohun tó ń dùn wá ni pé iṣẹ́ ọjà dé, iṣẹ́ ilé kò lọ. Bí ìyá kò bá gbé e fún ọmọ rẹ̀ obìnrin, a gbé e fún ọmọ-ọ̀dọ̀ tí wọ́n mú wá láti ìhà Kútọnu. Ọmọbìnrin náà nìyẹn.

Kì í sì í ṣe Èkó nìkan. Ní 2018, ILO, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ lágbàáyé, ṣírò rẹ̀ pé nínú iṣẹ́ ìtọ́jú tí ẹnikẹ́ni kì í gbowó lé lórí, obìnrin ló ń ṣe ju ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin lọ. Obìnrin mílíọ̀nù 606 ni kò lè wá iṣẹ́ owó nítorí rẹ̀. Ọkùnrin, mílíọ̀nù 41. Síbẹ̀ a ó ní ìyàwó wa "kò ṣe nǹkan kan, ilé ló jókòó sí."

Àwọn arákùnrin kan yóò ní bẹ́ẹ̀ ni súnà wí. Súnà wo? Nígbà tí wọ́n bi Ìyá wa Aishah léèrè ohun tí Ànábì (S.A.W.) máa ń ṣe nínú ilé, iṣẹ́ ìdílé rẹ̀ ni ó sọ, títí àkókò ìrun yóò fi tó. Àwọn onímọ̀ fiqh yapa lórí bóyá iṣẹ́ ilé jẹ́ dandan fún ìyàwó, àwa tí a sì ń tẹ̀lé Imam Malik mọ̀ pé àṣà ìlú wà lára ohun tí wọ́n wò. Bí ó bá jẹ́ àṣà, ṣé àṣà pé bàbá nìkan ló ń mówó wálé kò ti yí padà ni?

A ránṣẹ́ pe bàbá ọmọ náà. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní kí èyí ọkùnrin máa pọnmi, kí ó sì máa wẹ àwọn àbúrò rẹ̀. Ní Sátidé tó tẹ̀lé e, ẹ̀gbọ́n ló pẹ́ dé.