Ohun Tí Kò Tọ́jọ́

Nígbà tí mo jẹ́ ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́, ọmọkùnrin kan wà tí ó kọ̀ láti gbá abẹ́ igi furúùtù tí ó wà níwájú ọ́fíìsì mi. Ìgbà ọyẹ́ ni, ewé sì ń já bọ́ láti òwúrọ̀ títí di alẹ́. Nígbà tí mo bi í léèrè ìdí rẹ̀, ó dá mi lóhùn pé, "Ọ̀gá, bí mo bá gbá a nísinsìnyí, kí agogo ìsinmi tó lù ni ewé yóò tún ti kún ibẹ̀. Kí ni èrè rẹ̀?" Pàṣán ni mo fi dá a lóhùn. Lójú mi nígbà náà, àfojúdi ni. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì ni ìbéèrè náà ti ń padà tọ̀ mí wá, mo sì ti wá mọ̀ pé mo jẹ ọmọ náà ní gbèsè ìdáhùn. Ìwọ òǹkàwé mi, jẹ́ kí n gbìyànjú láti san díẹ̀ nínú gbèsè náà lójú rẹ. Ọ̀nà jíjìn ni n óo sì gbà, àní ọ̀nà ilẹ̀ Jàpáànì.

Àwọn ará ilẹ̀ náà ní oríṣìí ìpápánu dídùn kan tí wọ́n ń pè ní wagashi. (Orúkọ yìí dún bí ti wàrà tí àwọn obìnrin Fúlàní ń tà ní ilẹ̀ Benin, èyí tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní wagasi, ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì kò bá ara wọn tan rárá.) Ẹ̀wà ni ìpìlẹ̀ púpọ̀ nínú rẹ̀: ẹ̀wà pupa kéékèèké tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ azuki, tàbí ẹ̀wà funfun, tí a sè títí ó fi rọ̀, tí a yọ èèpo rẹ̀ kúrò, tí a sì fi ṣúgà rò lórí iná títí yóò fi ki. Àwọn mìíràn ni a fi ìyẹ̀fun ìrẹsì ṣe; àwọn mìíràn sì ni a fi kanten mú dì, èyí tí a ń rí láti inú koríko òkun. Èyí tí ó gba ọgbọ́n ọwọ́ jù ni nerikiri. Ẹ̀wà funfun ni. A pò ó mọ́ ìyẹ̀fun ìrẹsì, a pa á láró, oníṣẹ́ ọwọ́ yóò sì fi ìka rẹ̀ àti igi kékeré kan ṣe é bí òdòdó, bí ewé, tàbí bí èso. Gbogbo rẹ̀ kò ju ohun tí ó wọ inú àtẹ́lẹwọ́ lọ. Wọ́n ń jẹ ẹ́ kí wọ́n tó mu tíì ewé tútù tí ó korò. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni a ó fi sẹ́nu, ó ti tán. Bí a kò bá sì jẹ ẹ́ ní ọjọ́ náà tàbí ní ọjọ́ kejì, adùn rẹ̀ ti ń lọ nìyẹn. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ọdún ni ẹni tí ń kọ́ iṣẹ́ yìí fi ń kọ́ ọ.

Bí àgbàdo tútù àti àgbálùmọ̀ ti ní àkókò tiwọn lọ́dọ̀ wa, bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni àwọn wagashi ní tiwọn. Ní ìgbà ìrúwé ni a ń jẹ sakuramochi, tí a fi ewé igi sakura wé. Ní ọjọ́ karùn-ún oṣù Karùn-ún, tí í ṣe Ọjọ́ Àwọn Ọmọdé, kashiwamochi ni. Ewé igi kashiwa ni wọ́n ń lò fún un, nítorí pé ewé igi yìí a máa gbẹ mọ́ ẹ̀ka, kì í sì í já títí ewé titun yóò fi yọ. Àwọn òbí ń fi èyí tọrọ pé kí ìran wọn má ṣe parun. Oúnjẹ kan tilẹ̀ wà tí ó ní orúkọ méjì. Ní ìgbà ìrúwé, nígbà tí ọ̀sán àti òru bá dọ́gba, botamochi ni, nítorí òdòdó kan tí ń tàn ní ìgbà náà; nígbà tí wọ́n bá tún dọ́gba ní ìgbà ìwọ́wé, ohagi ni, nítorí òdòdó mìíràn. Ìrẹsì kan náà ni, ẹ̀wà kan náà, ọwọ́ kan náà. Ẹni tí kò bá wo òde kí ó tó sọ̀rọ̀ yóò ṣi orúkọ oúnjẹ tí ó wà nínú àwo rẹ̀ pè.

Àwọn tí ó mọ iṣẹ́ náà dáadáa kì í fẹ́ kí oúnjẹ pẹ́ lẹ́yìn àkókò. Kí òdòdó tó tàn tán lórí igi ni wọ́n ti ń gbé àwòrán rẹ̀ síwájú àlejò. Nígbà tí ó bá rẹ̀ dànù, wọ́n ti kúrò lórí rẹ̀.

Mo mọ ohun tí ìwọ yóò wí. Ìwọ yóò wí pé eré àwọn ọlọ́rọ̀ ni èyí. Òtítọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ. Láyé àtijọ́, ṣúgà funfun ṣọ̀wọ́n ní ilẹ̀ Jàpáànì, ààfin, àwọn ìjòyè àti àwọn tẹ́ḿpìlì ni wọ́n sì ń jẹ èyí tí ó dára jù nínú àwọn oúnjẹ wọ̀nyí. Ṣùgbọ́n gbọ́ ìtàn minazuki. Láti ìgbà láéláé ni àwọn ará ààfin ti ń kó omi dídì pamọ́ sínú ihò láti ìgbà òtútù, kí wọ́n lè rí i lò nígbà ooru. Mẹ̀kúnnù kò ní irú rẹ̀. Ohun tí wọ́n ń sọ ní Kyoto ni pé àwọn mẹ̀kúnnù wá fi ìyẹ̀fun ṣe oúnjẹ funfun, wọ́n gé e ní onígun mẹ́ta bí ègé omi dídì, wọ́n sì to ẹ̀wà pupa sí orí rẹ̀ láti lé ibi lọ. Títí di òní ni àwọn ará ìlú náà ń jẹ ẹ́ ní ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n ó lé mẹ́ta nínú oṣù Kẹfà, èyíinì ni ọjọ́ tí oṣù náà parí. Omi dídì tí kò tutù! Ẹni tí ó bá fẹ́ lè fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò ní, tí ó sì kọ̀ láti jẹ́ kí àkókò kọjá lórí òun láìkí i, kì í ṣe òmùgọ̀ lójú mi.

Ǹjẹ́ ohun tí kò tọ́jọ́ ha ń parun pátápátá bí? Ilé iṣẹ́ Toraya, tí ó ti wà ní Kyoto láti nǹkan bí 500 ọdún sẹ́yìn, tí ó sì ṣí ilé sí Tokyo ní 1869 nígbà tí ọba lọ sí ibẹ̀, ní ìwé àwòrán àwọn oúnjẹ rẹ̀ kan tí a yà ní 1695. Kò sí èyíkéyìí nínú oúnjẹ ọdún náà tí ó kù, wọ́n ti jẹ ẹ́ tán. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá mọ iṣẹ́ lè wo ìwé náà kí ó sì tún un ṣe. Ewé sakura pàápàá ní ọ̀rọ̀ láti sọ. Ìwọ yóò rò pé ewé àárọ̀ yìí ni. Rárá o. Ní Matsuzaki, níbi tí wọ́n ti ń ṣe púpọ̀ nínú rẹ̀, ìgbà ooru ni wọ́n ń já a, wọn a dì í, wọn a sì fi iyọ̀ pa á mọ́ sínú àgbá ńlá fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ewé èṣí ni ó ń kéde ọdún titun. Ẹni tí ó jẹ oúnjẹ náà fún ìṣẹ́jú kan kò rí àwọn tí ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nínú oko ní ooru ọdún tí ó kọjá.

Síbẹ̀ n kò ní fi èyí tan ara mi jẹ pé mo ti dáhùn. Ọmọ náà kò béèrè bóyá ọgbọ́n gbígbálẹ̀ yóò tọ́jọ́. Èrè rẹ̀ ni ó béèrè. Ìdáhùn tí mo sì rí nínú wagashi ni pé ènìyàn kan wà tí a ṣe é fún. Oníṣẹ́ ọwọ́ kò ṣe òdòdó náà nítorí kí ó lè wà títí. Ó ṣe é nítorí pé àlejò ń bọ̀ ní ọ̀sán òní, òní yìí kò sì ní padà wá. Bí kò bá sí àlejò, tí wọ́n to oúnjẹ náà sínú gíláàsì fún àfihàn lásán, tí wọ́n sì dà á nù ní alẹ́, èmi pẹ̀lú yóò pè é ní òfò, bí ó ti wù kí ó lẹ́wà tó.

Níbí ni ọ̀rọ̀ ti yí padà bá mi. Mo ti ń múra láti sọ fún ọmọ náà pé àwọn ọgọ́rùn-ún ọmọ ni yóò gba abẹ́ igi náà kọjá kí agogo tó lù, àti pé ilẹ̀ mímọ́ fún wákàtí méjì jẹ́ ohun tí ó yẹ kí ẹnì kan fún ẹnìkejì. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n mo rántí ọjọ́ náà dáadáa. Wọ́n ti kọ̀wé sí mi pé aláyẹ̀wò ń bọ̀. Nítorí ọkọ̀ rẹ̀ ni mo ṣe fẹ́ kí abẹ́ igi náà mọ́, kì í ṣe nítorí ẹsẹ̀ àwọn ọmọ. Ní ọjọ́ mìíràn, ewé a máa kún ibẹ̀, n kì í sì í wí nǹkan. Àwọn ọmọ mọ èyí. Ọmọkùnrin náà mọ̀ ọ́n jù gbogbo wọn lọ, mo sì nà án nítorí pé ó mọ̀ ọ́n.

Bí ó bá ka ìwé yìí, kí ó mọ̀ pé mo ṣì gbà gbọ́ pé ó yẹ kí ó gbá ilẹ̀ náà. Kí ó sì mọ̀ pé kì í ṣe èmi ni ó yẹ kí n rán an ní ọjọ́ yẹn.