Ojú Àpòmù Kò Dé Yunifásítì

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ìbéèrè kan wà tí mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò lóṣù yìí. Ọmọ tó ń hùwà rere nítorí pé ojú ń wò ó, ṣé ọmọ rere ni, àbí ọmọ tí wọ́n ń ṣọ́ lásán ni? Ẹ má rò pé ìbéèrè àwọn tó jókòó tí wọn kò ríṣẹ́ ṣe nìyí o. Gbogbo ilé tí ọmọ ti jáde girama, tó ti ṣe JAMB, tí ìwé ìgbaniwọlé sì ti dé, ìbéèrè yìí ń bẹ níbẹ̀, bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ là á lẹ́nu.

Ẹ jẹ́ ká fi Àpòmù ṣe àpẹẹrẹ. Ìlú ọlọ́jà àti àgbẹ̀ ni, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ lẹ̀ mọ́ Ìkirè. Nírú ìlú bẹ́ẹ̀, ọmọ kò lè sá kúrò nílé-ìwé ní aago mọ́kànlá kí ìyá rẹ̀ má gbọ́ kó tó di ọ̀sán. Ìyá oníbúrẹ́dì yóò bi í pé, "Ìwọ, ṣé ilé-ìwé ti parí ni?" Ọlọ́kadà tó bá gbé e yóò mọ bàbá rẹ̀. Ìyàwó pásítọ̀ tàbí ìyàwó lèmọ́ọ̀mù yóò ti rí i lójú fèrèsé. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́ pé ojú kan ní í bímọ, igba ojú ní í wò ó. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ọmọ náà bá di ẹrù rẹ̀, tí wọ́n so fóòmù ìbusùn rẹ̀ mọ́ orí mọ́tò, igba ojú yẹn kò ní bá a wọkọ̀. Yóò sùn sí họ́sítẹ́lì láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Kò ní sí ẹni tí yóò jí i láàárọ̀, kò ní sí ẹni tí yóò béèrè ibi tó ti ń bọ̀ lálẹ́.

Níbi tí iṣẹ́ ìròyìn ti ń gbé mi kiri, mo pàdé tọkọtaya kan ní Àpòmù tí ọ̀rọ̀ yìí ti fẹ́ dá ìjà sílẹ̀ láàárín wọn. Ọmọbìnrin wọn fẹ́ lọ kọ́ ìmọ̀ ìpoògùn ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀. Bàbá ní rárá. Ó ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 2006, ní ọgbà ní Ìkirè níbí, kí ọmọ lọ kọ́ èdè tàbí ìtàn níbẹ̀, kó máa tilé lọ, kó máa tilé bọ̀. Ìyá dáhùn pé, "Bàbá wọn, ẹ dákun, ṣé ẹ fẹ́ kó kàwé ni, àbí ẹ fẹ́ máa wò ó?" Bàbá ní, "Méjèèjì ni mo fẹ́."

Inú ọ̀rọ̀ kúkurú yẹn ni gbogbo ọ̀ràn náà wà. Kò sí ohun tó burú nínú kí ọmọ kọ́ èdè tàbí ìtàn. Ẹni tó bá nífẹ̀ẹ́ sí i, Ìkirè tó o, ó tó dáadáa. Àmọ́ ọmọ yìí kọ́ ló yan èyí. Ìbẹ̀rù bàbá rẹ̀ ló yàn án fún un.

Ìbẹ̀rù náà kì í sì í ṣe ti òmùgọ̀. Ní ọjọ́ kẹwàá oṣù keje ọdún 1999, àwọn ẹlẹ́gbẹ́ òkùnkùn ya wọ ọgbà yunifásítì Ifẹ̀ yìí kan náà lóru, wọ́n sì pa akẹ́kọ̀ọ́ márùn-ún. Ẹni tó bá ní ọmọ ní yunifásítì lọ́dún náà kò lè gbàgbé. Bàbá tó bá rántí irú nǹkan bẹ́ẹ̀, tó wá ní kí ọmọ òun má jìnnà, ta ni yóò fi ṣe yẹ̀yẹ́?

Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọmọ ni yóò lọ síbi tó jìnnà, a fẹ́ a kọ̀. Kí wá ni àwa òbí máa ń dì fún wọn lọ? Bí mọ́tò bá ti fẹ́ gbéra, a ó na orí sójú fèrèsé, a ó ní, "Rántí ọmọ ẹni tí ìwọ ń ṣe o!" Ọ̀rọ̀ àgbà ni, n kò ní bú u. Mo kàn fẹ́ ká dán an wò ni, ká mọ ìwọ̀n ẹrù tó lè gbé. Ìtàn Àpòmù fúnra rẹ̀ ni yóò sì bá wa dán an wò.

Àlùfáà Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921, sọ pé ọjà Àpòmù láyé àtijọ́ jẹ́ ọjà ńlá tí àwọn Ọ̀yọ́, Ifẹ̀, Òwu àti Ìjẹ̀bú ti ń pàdé. Ibi tí èrò bá sì pọ̀ sí, gbọ́mọgbọ́mọ kì í wọ́n níbẹ̀. Wọ́n ń jí àwọn ará Ọ̀yọ́ tó wá nájà, wọ́n ń tà wọ́n lẹ́rú. Ní ayé Aláàfin Abíọ́dún, ọmọ ọba kan láti Ọ̀yọ́, Awólẹ̀, bá òwò dé Àpòmù, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan. Ẹ gbọ́ ohun tó ṣe: ó ta ọ̀rẹ́ rẹ̀! Àṣẹ wà lọ́wọ́ Baálẹ̀ Àpòmù pé kó má gbà kí wọ́n máa ta ọmọ Ọ̀yọ́. Nígbà tí Baálẹ̀ gbọ́, ó gba ẹni tí wọ́n tà padà, ó sì ní kí wọ́n na ọmọ ọba náà. Ọjọ́ ń gorí ọjọ́, Awólẹ̀ wá jọba. Kò gbàgbé pàṣán. Ó ní Baálẹ̀ Àpòmù ni ọ̀tá òun, kí ogun lọ bá a. Baálẹ̀ sá lọ sí Ifẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tó rí i pé ìlú òun lè pa run nítorí òun, ó gba ẹ̀mí ara rẹ̀ kí ìlú lè là.

Ó dáa. Ta ló rántí ọmọ ẹni tí òun ń ṣe ju ọmọ ọba lọ? Awólẹ̀ mọ̀ ọ́n, ó mọ̀ ọ́n dáadáa. Ṣùgbọ́n ó ti jìnnà sí Ọ̀yọ́, ojú ilé kò sí lọ́jà, owó sì wà níwájú rẹ̀. Orúkọ ìdílé rẹ̀ kò dá a dúró. Ẹ wá wo Baálẹ̀. Òun náà mọ̀ pé ọmọ ọba tí òun ń nà yìí lè gorí ìtẹ́ lọ́la. Kò sí èrè fún un nínú ohun tó ṣe, ewu ni. Síbẹ̀ ó ṣe é. Ìwà ti ẹni àkọ́kọ́ wà ní ojú àwọn tó mọ̀ ọ́n. Ìwà ti ẹni kejì wà nínú ara rẹ̀, ibi tó bá lọ ni ìwà náà ń bá a lọ. Nítorí náà, "rántí ọmọ ẹni tí ìwọ ń ṣe" dára, àmọ́ ìdajì ọ̀rọ̀ ni. Ìdajì tó kù ni pé kí ọmọ mọ irú ẹni tí òun fúnra òun ń fẹ́ jẹ́, yálà wọ́n mọ bàbá òun níbẹ̀ tàbí wọn kò mọ̀ ọ́n.

Ẹnì kan lè ní, "Akọ̀wé, ṣé ò ń sọ pé ojú àwọn èèyàn kò wúlò ni?" Rárá o! Ẹ wo iṣu lóko. Ọ̀pá tí a fi gbé ìtàkùn iṣu dúró wúlò, torí láìsí i, ìtàkùn yóò máa wọ́ nílẹ̀. Àmọ́ ọ̀pá kọ́ ni iṣu. Inú ilẹ̀, níbi tí ojú ẹnikẹ́ni kò dé, ni iṣu ti ń ta. Ọjọ́ tí a bá wa ebè ni a ó tó mọ ohun tó wà nísàlẹ̀. Ojú Àpòmù ni ọ̀pá. Yunifásítì ni ọjọ́ tí a wa ebè.

Ìwọ ọmọ tí ò ń lọ, ìwọ gan-an ni mo wá kọjú sí báyìí. Má ṣe rò pé bí ojú ilé kò bá sí, ojú kankan kò sí mọ́. Lọ́jà Àpòmù ayé ọjọ́un, ẹni tí kò ní ẹnikẹ́ni ni gbọ́mọgbọ́mọ ń wá. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí dòní. Àwọn ẹlẹ́gbẹ́ òkùnkùn kì í kọ́kọ́ fi ìbọn pe ọmọ tuntun. Oúnjẹ, àríyá, àti "àbúrò mi, kò séwu" ni wọ́n fi ń pè é. Wọ́n ti rí i pé ó ń dá jẹun. Wàá rí i pé o kò lè wà láìsí ojú tó ń wò ọ́. Òmìnira tí o ń yọ̀ sí yìí, ohun tó jẹ́ ni pé ìwọ ni yóò yan ojú náà fúnra rẹ.

Yan ojú mẹ́ta. Àkọ́kọ́, olùkọ́ kan. Wọ́n sábà máa ń yan olùkọ́ kan tí yóò máa gba akẹ́kọ̀ọ́ nímọ̀ràn. Lọ kí i láàárín ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, nígbà tí kò tíì sí wàhálà. Èkejì, ẹgbẹ́ rẹ kan tó lè wò ọ́ lójú kó sọ pé, "Èyí tí o ṣe yìí kò dáa." Ọ̀rẹ́ tí kì í sọ bẹ́ẹ̀ rí, ọ̀rẹ́ ọbẹ̀ ni. Ẹ̀kẹta, ẹnì kan nílé tí wàá máa pè lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, kì í ṣe torí owó nìkan. Ohun tí kò lọ déédéé ni kí o máa sọ fún un, kó tó di ohun tí ò ń fi pamọ́.

Ìwé náà kò rí bíi ti girama mọ́. Ní girama, olùkọ́ kọ ọ́ sójú pátákó, o dà á kọ, ó sì yẹ ìwé rẹ wò. Ní yunifásítì, kọ́ọ̀sì oníyúníìtì mẹ́ta jẹ́ wákàtí mẹ́ta lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Olùkọ́ yóò sọ tirẹ̀, yóò sì lọ. Òfin ní kí o wà níbi ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ẹ̀kọ́ kí o tó ṣe ìdánwò, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò wá kan ilẹ̀kùn rẹ.

Èmi tí mò ń kọ èyí, girama ni ìwé tèmi dé, ṣùgbọ́n mo mọ ìṣirò díẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ yunifásítì wa, máàkì márùn-ún ló ga jù. Ẹni tó bá ní 4.50 gba fáásì kíláàsì, ẹni tó bá ní 3.50 gba sẹ́kọ́ńdì kíláàsì ọ́pà. Ká ní ọmọ kan fi ọdún kìíní ṣeré, ó ní 1.80. Ó wá jí, ó ní 4.00 lọ́dún kejì, ìkẹta àti ìkẹrin, tí yúníìtì ọdún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì dọ́gba. Bí a bá rò ó pọ̀, tí a pín in sí mẹ́rin, 3.45 ni yóò bá jáde. Ọdún mẹ́ta iṣẹ́ àṣelàágùn, ọdún kan tí kò sẹ́ni tó ń wò ó sì fà á wálẹ̀!

Owó ńkọ́? Nílé, owó ọbẹ̀ wà lọ́wọ́ ìyá. Ní yunifásítì, owó oṣù kan lè wọlé lónìí kó sì tán ní ọjọ́ mẹ́ta. Ní 2024, àjọ ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n ń pè ní NELFUND bẹ̀rẹ̀ sí í yá akẹ́kọ̀ọ́ lówó láìgba èlé. Owó ilé-ìwé ń lọ tààrà sọ́dọ̀ ilé-ìwé, akẹ́kọ̀ọ́ sì lè béèrè owó ìjẹun, ₦20,000 lóṣù nígbà tí ètò náà bẹ̀rẹ̀. Ohun tó dára ni, àmọ́ orúkọ ọmọ ni gbèsè náà wà, kì í ṣe orúkọ bàbá. Ọmọ tí kò tíì fi owó ara rẹ̀ ra iyọ̀ rí ti di onígbèsè. Ọjọ́ tí owó bá wọlé ni kí o ti pín in sí mẹ́rin, kí o má fọwọ́ kan ti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ẹ̀yin òbí, tiyín náà wà níbẹ̀. Láti ìgbà tí ọmọ bá ti ṣe WAEC tán títí yóò fi wọlé, oṣù gbọọrọ ni. Ẹ má fi ṣọ́ ọ lásán. Ẹ gbé owó oúnjẹ ọ̀sẹ̀ kan lé e lọ́wọ́, bó bá tán ní Wednesday, ẹ jẹ́ kí ó jẹ gààrí di Saturday. Ẹ yé jí i láàárọ̀. Ẹ rán an ní iṣẹ́ dé Ìbàdàn, kó dá lọ, kó dá bọ̀. Àṣìṣe tó bá ṣe lójú yín kò wọ́n tó èyí tí yóò ṣe lẹ́yìn yín.

Ní ti tọkọtaya Àpòmù, bí wọ́n bá ní kí n dájọ́, ẹ̀kọ́ tí ọmọ fẹ́ kọ́ ni kó yan ilé-ìwé fún un, kì í ṣe bí ojú bàbá ṣe gùn tó. Àbí kí ni ojú bàbá ń rí gan-an? Ọmọ tó ń tilé lọ sí Ìkirè ní fóònù lábẹ́ aṣọ ìbora, ojú bàbá kò dé ibẹ̀. Síbẹ̀ ìbẹ̀rù bàbá kì í ṣe ohun ìdàsọ́ọ̀lẹ̀. Kó fi kọ́ ọmọ ní oṣù tó kù yìí, dípò kó fi ṣe ọgbà yí i ká.

Èsì ìbéèrè wa wá nìyí: ọmọ tí wọ́n ń ṣọ́ kò tíì di rere, kò sì tíì di búburú. Ọmọ tí a kò tíì dán wò ni. Ẹ jẹ́ kó lọ, ẹ gbàdúrà fún un, kí ẹ sì rí i dájú pé ẹ ti fi nǹkan kan sí i nínú kí mọ́tò tó gbéra.