Ta Ni Yóò San Owó Ilé Tí A Wó?

Lóru ọjọ́ kejì oṣù Kẹsàn-án ọdún 1666, iná sọ ní ilé búrẹ́dì Thomas Farriner ní Pudding Lane, nílùú Lọ́ńdọ̀nù. Ilé pákó ló pọ̀ jù nílùú náà nígbà yẹn, wọ́n fún mọ́ra wọn gádígádí, ẹ̀ẹ̀rùn ti gbẹ wọ́n, atẹ́gùn sì ń fẹ́.

Wọ́n lọ jí olórí ìlú, Thomas Bloodworth. Láyé ìgbà náà, bí iná bá ti ràn, àfi kí wọ́n wó àwọn ilé tó wà níwájú rẹ̀, kó má baà rí nǹkan jó mọ́. Bloodworth ò gbà. Bí òun bá ní kí wọ́n wó ilé onílé, ta ni yóò san owó tí wọ́n máa fi tún un kọ́? Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti bú u láti ọjọ́ náà, àmọ́ ìbéèrè yẹn kì í ṣe ti òmùgọ̀. Kò sí ìnṣọ́ránsì iná nílùú náà rárá. Ìgbà tí wọ́n fi ń wó ilé, iná ti kọjá agbára wọn. Ọjọ́ mẹ́rin ló fi jó: ó run ilé bíi 13,200 àti ṣọ́ọ̀ṣì 87.

Wàhálà gan-an ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Ìwé àdéhùn ọ̀pọ̀ ayálégbé sọ pé àwọn ni yóò tún ilé ṣe bó bá bàjẹ́, kí wọ́n sì máa san owó ilé lọ. Ẹ gbọ́ o, owó ilé lórí eérú! Lọ́dún 1667, wọ́n ní láti dá ilé ẹjọ́ ọ̀tọ̀ sílẹ̀ tí yóò pín òfò láàárín onílé àti ayálégbé.

Ní nǹkan bí ọdún 1680 ni Nicholas Barbon, dókítà tó di kọ́lé-kọ́lé, ṣí ọ́fíìsì ìnṣọ́ránsì iná. Kì í ṣe àánú ló ṣe é. Ilé ló ń kọ́ tà. Onílé bíríkì ń san 2.5 nínú ọgọ́rùn-ún owó ilé ọdún kan, onílé pákó ń san 5. Ẹni tí kò ka òfin ìkọ́lé sí á ka ìyàtọ̀ owó yẹn sí. Ẹni tó bá sì yáni lówó lórí ilé mọ̀ pé bí ilé jó, owó òun ò jó.

Ní Nàìjíríà tiwa, láti ọdún 2003 ni òfin ti ní kí gbogbo ilé tí ará ìlú ń wọ̀ ní ìnṣọ́ránsì iná. Síbẹ̀, gbogbo owó ìnṣọ́ránsì tí a ń san kò tó náírà kan nínú ọgọ́rùn-ún tí orílẹ̀-èdè ń pa wọlé. Nígbà tí iná jó ọjà Balógun l'Ékòó ní ọjọ́ karùn-ún oṣù Kọkànlá ọdún 2019, ẹkún àti “Ìjọba, ẹ gbà wá” ló gba ẹnu kan. Báńkì kì í gba eérú. Oníṣòwò tó ń san gbèsè ọjà tó ti jóná kò lè gba ọmọ iṣẹ́ tuntun, aránṣọ ìlú Aba tó ń rán ọjà fún un náà yóò sì pa máṣíìnì kan tì.