TA NI A Ń PÈ NÍ Ọ̀LẸ?

 

Ọ̀rọ̀ kan ló dá àríyànjiyàn sílẹ̀ láàrin wa lẹ́yìn àsàlátù ọjọ́ Àìkú kan. Arákùnrin wa kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti abúlé dé láti ìhà Ọ̀dẹ̀dá ní ìṣẹ́ tí òun rí níbẹ̀ kọjá sísọ, ó sì fi kún un pé ọ̀lẹ ló ń ṣe wọ́n. Ó ní aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ni òun débẹ̀, tí àwọn géńdé ọkùnrin ṣì wà lórí ẹní. Àwọn kan nínú wa gbè é lẹ́sẹ̀: ṣebí láti kékeré ni wọ́n ti ń kọ́ wa pé ẹni tó bá tẹpá mọ́ṣẹ́ ni ìṣẹ́ ń sá fún. Ṣùgbọ́n arábìnrin wa kan tó jẹ́ nọ́ọ̀sì bi í ní ìbéèrè kan péré: ǹjẹ́ ó fọwọ́ kan ara wọn wò bóyá ó gbóná? Arákùnrin wa kò rí èsì fọ̀.

Ìbéèrè yẹn ni a fẹ́ gbé yẹ̀ wò. Àwọn àgbà ní ìlera loògùn ọrọ̀. A máa ń sọ ọ́ bí ìgbà tí a bá ń kí ènìyàn lásán ni, a kì í sì í rò ó délẹ̀. Bí ìlera bá jẹ́ oògùn ọrọ̀, a jẹ́ pé májèlé ọrọ̀ ni àìsàn. Ẹni tó bá sì ti jẹ májèlé, ṣé ó yẹ kí a dúró tì í kí a máa bú u pé kò lè sáré?

Ẹ jẹ́ kí a fi sobìà ṣe àpẹẹrẹ, torí àwọn òbí wa mọ̀ ọ́n dáadáa, àwa ọmọ ìwòyí ni a kò mọ̀ ọ́n mọ́. Ẹ bi àwọn àgbàlagbà tó gbé abúlé ilẹ̀ Ẹ̀gbá tàbí Ìbàràpá dàgbà, wọn yóò sọ fún yín. Ẹni tó bá mu omi adágún tí àwọn kòkòrò tín-ín-tìn-ìn-tín tó gbé ọmọ sobìà mì wà nínú rẹ̀ kò ní mọ̀ pé nǹkan kan ṣe òun. Ó di bí ọdún kan kí aràn náà, tó lè gùn tó mítà kan, tó yọrí jáde, lẹ́sẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹsẹ̀ yóò wú, yóò máa ta bí iná, yóò di egbò. A kì í fà á yọ lẹ́ẹ̀kan náà, torí bó bá já sínú, ọ̀ràn ti di méjì nìyẹn. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń ká a mọ́ igi tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì lè gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Bó bá sì ta aláìsàn jù, a ti ẹsẹ̀ bọ omi kí ó lè tù ú. Ibẹ̀ gan-an ni aràn náà ti ń tú ọmọ sínú omi tí gbogbo abúlé ń pọn mu.

Ẹ tún wo ìgbà tó ń yọ. Nílẹ̀ wa níhìn-ín, ẹ̀ẹ̀rùn ló ń jà jù, nígbà tí odò gbẹ tí omi adágún kù fẹ́ẹ́rẹ́. Àsìkò yìí gan-an ló yẹ kí àgbẹ̀ máa wa iṣu, kí ìyàwó rẹ̀ máa sá láfún, kí wọ́n sì máa ṣán oko ọdún tó ń bọ̀. Bàbá wà lórí ẹní, ìyá wà lórí ẹní, ọmọ tí ara rẹ̀ le a fi ilé-ìwé sílẹ̀ lọ pọnmi, lọ ṣẹ́gi. Wọn a yá owó jẹun, bó bá sì di ọdún kejì, èlé ni wọn yóò máa fi iṣẹ́ ọwọ́ wọn san. Nígbà tí wọ́n ka iye àwọn tó ní sobìà jákèjádò Nàìjíríà ní 1988, wọ́n lé ní 650,000. Ìwádìí kan tí àjọ UNICEF gbé jáde ní 1987 láàrin àwọn àgbẹ̀ onírẹsì ní gúúsù ìlà-oòrùn Nàìjíríà fi hàn pé nǹkan bí 20 mílíọ̀nù dọ́là ni sobìà ń gbà lọ́wọ́ wọn lọ́dọọdún. Ẹni tó bá gba ọ̀nà abúlé wọn kọjá lọ́dún náà lọ́hùn-ún, tó bá wọn lórí ẹní, kí ni ì bá pè wọ́n?

Ohun tó yẹ kó yà wá lẹ́nu jù ni pé títí di òní kò sí abẹ́rẹ́ àjẹsára sobìà, bẹ́ẹ̀ ni kò sí oògùn tó ń wò ó. Aṣọ ni wọ́n fi ṣẹ́gun rẹ̀. Aṣọ tí a fi ń sẹ́ omi, kànga tí a gbẹ́, oògùn Abate tí wọ́n dà sí adágún, àti àwọn ará abúlé fúnra wọn tí wọ́n ń ṣọ́ ọ kí ẹlẹ́sẹ̀ egbò má baà wọ odò. Jimmy Carter tó ti ṣe ààrẹ Amẹ́ríkà rí kó owó àti orúkọ rẹ̀ lé iṣẹ́ náà, Ọ̀gágun Yakubu Gowon sì ń bá a rìn láti abúlé dé abúlé nílé wa níbí. Oṣù kọkànlá ọdún 2008 ni wọ́n rí ẹni ìkẹyìn tí sobìà mú ní Nàìjíríà, ní Ìpínlẹ̀ Enugu. Ní 2013, àjọ ìlera àgbáyé fọwọ́ sí i pé ó ti kúrò nílẹ̀ wa. Ní gbogbo ayé, àwọn tó ní in tó mílíọ̀nù mẹ́ta àbọ̀ ní 1986. Ní 2024, ènìyàn 15 péré ni. Àwọn baba wa ní kí sobìà tó degbò, olúgànbe là á ké sí. Olúgànbe tí a ń wá láti ọjọ́ yìí, asẹ́ ni.

Àwọn kan á ní kádàrá ni. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà tilẹ̀ gbà nígbà náà pé inú ẹ̀jẹ̀ olúkúlùkù ni sobìà ń gbé, pé ìgbà tó bá wù ú ló ń yọ. Ẹ rántí ọ̀rọ̀ Sàyídínà Úmárù, nígbà tó ń lọ sí ilẹ̀ Ṣáámù tí wọ́n sọ fún un lọ́nà pé àjàkálẹ̀ àrùn ti bẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀. Ó gba ìmọ̀ràn, ó sì yí padà. Abú Ubaida bi í bóyá àyànmọ́ Ọlọ́hun ló ń sá fún. Èsì tó fọ̀ ni pé láti inú àyànmọ́ Ọlọ́hun kan ni àwọn ń sá bọ́ sínú òmíràn, pé darandaran tó kó ràkúnmí rẹ̀ kúrò ní ibi gbígbẹ lọ sí ibi tó lóko tútù kò kúrò lábẹ́ àṣẹ Ọlọ́hun. Bí Úmárù bá lè yí padà, kí ni a ń fi kádàrá mu omi adágún sí?

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ sobìà rọrùn, torí kò sí ẹni tó ń jèrè rẹ̀. Ọ̀rọ̀ odò Ọ̀yán ló le.

Ní 1983 ni Ààrẹ Shehu Shagari ṣí ìdídò Ọ̀yán, èyí tó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Àríwá Abẹ́òkúta. Omi bo ilẹ̀ àwọn abúlé kan, wọ́n sì kó àwọn ènìyàn ibẹ̀ lọ tẹ̀dó sí ibòmíràn, bíi Ìbarò, Abúlé Títun àti Apójọlá. Omi tí wọ́n sé níbẹ̀ ni wọ́n ń tú sínú odò Ògùn tí a fi ń rí omi ẹ̀rọ ní Abẹ́òkúta, tí Èkó náà sì ń rí tirẹ̀. Ṣùgbọ́n omi tó bá dúró sójú kan ni àwọn ìṣáwùrú wẹ́ẹ́wẹ̀ẹ̀wẹ́ fẹ́ràn, inú wọn sì ni aràn àtọ̀sí ajá ti ń jáde. Kò dúró kí a mu ún kó tó wọlé. Ara ló ń gbà wọlé. Ọmọ tó lúwẹ̀ẹ́, obìnrin tó fọ aṣọ, apẹja tó na àwọ̀n, gbogbo wọn ló lè kó o. Àwọn olùwádìí láti àwọn yunifásítì wa ti lọ síbẹ̀ léraléra, wọ́n sì bá ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ tó ń tọ ẹ̀jẹ̀.

Ọmọ tó ń tọ ẹ̀jẹ̀ kì í dùbúlẹ̀ bí ẹni tí ibà mú. Á lọ sí ilé-ìwé, á jókòó, á máa tòògbé. Ẹ̀jẹ̀ tó ń ṣòfò lára rẹ̀ ni kò jẹ́ kó dàgbà bó ti yẹ, tí kò sì jẹ́ kí ìwé wọ̀ ọ́ lórí. Bó bá pẹ́ lọ títí, ó lè ba ilé ìtọ̀ rẹ̀ jẹ́. Olùkọ́ á ní olódo ni. Ó di géńdé tán, a ní ọ̀lẹ ni. (Ní ibòmíràn, wọ́n á tilẹ̀ máa fi ọmọkùnrin bẹ́ẹ̀ ṣẹ̀fẹ̀ pé ó ti di ọkùnrin!) Oògùn rẹ̀ wà, praziquantel ni wọ́n ń pè é, ìlò ẹ̀ẹ̀kan sì lè pa aràn náà. Ṣùgbọ́n bí kò bá sí omi mìíràn tí ọmọ náà lè wẹ̀, inú omi ọjọ́sí náà ni yóò padà sí lọ́jọ́ kejì.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti kàn wá, àwa tí a ń mu omi náà. Bí ẹnì kan bá kúrò nílẹ̀ baba rẹ̀ kí o lè rí omi mu, tí omi ọ̀hún wá kó àrùn ràn án, nígbà tí o bá gbé oògùn lọ fún un, ṣé sàárà lo ṣe? Lójú tiwa, gbèsè lo san, o kò sì tíì san án tán. Gbogbo wa la mọ bí Ànábì wa, kí ikẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, ti mú ọ̀rọ̀ gbèsè le tó, tó jẹ́ pé ó máa ń béèrè gbèsè òkú kó tó kírun sí i lára. A kì í gbé gbèsè lọ fún olówó kí a sì máa retí pé kó dọ̀bálẹ̀ dúpẹ́.

A kò sọ pé bí ara bá ti le tán, owó ti dé. A mọ ẹni tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá tí kò rí ọ̀nà mọ́tò gbé tòmátì rẹ̀ dé ọjà Kútọ̀. A sì mọ̀ pé ìwòsàn fúnra rẹ̀ ń sọ ènìyàn di tálákà: nínú náírà mẹ́wàá tí a ń ná sórí ìlera ní Nàìjíríà, ó ju méje lọ tó ń ti àpò aláìsàn jáde. Ọmọ Ẹ̀gbá ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti, mínísítà ìlera láti 1985 sí 1992, tó ní kí a má fi gbogbo owó kọ́ ilé-ìwòsàn ńláńlá nígboro, kí a mú ìtọ́jú dé ẹsẹ̀ kùkù àwọn ará oko. Ní 2001, àwọn olórí Áfíríkà jókòó ní Abuja wọ́n ní ìdá 15 nínú 100 owó ìṣúná ni àwọn yóò máa yà sọ́tọ̀ fún ìlera. Orílẹ̀-èdè tó gbà wọ́n lálejò kò tíì dé ibẹ̀. Òfin 2022 sọ adójútòfò ìlera di dandan fún gbogbo ènìyàn. Ẹ bi ẹni tó ń ta ẹ̀kọ ládùúgbò yín bóyá ó ti gbọ́ nípa rẹ̀.

Ìyẹn ti ìjọba. Tiwa ńkọ́? Owó tí a fẹ́ fi rán àńkò wòlímà ọdún yìí wà lọ́wọ́ akápò. Arábìnrin nọ́ọ̀sì yẹn ló dá a lábàá pé kí a fi ìdajì rẹ̀ gbẹ́ kànga ní abúlé tí arákùnrin wa ti bọ̀. Àwọn kan ní ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni wòlímà. Arákùnrin wa fúnra rẹ̀ ni kò sọ̀rọ̀ títí ìpàdé fi fẹ́ túká, kó tó wá ní òun yóò padà sí abúlé náà kí ìpàdé tó ń bọ̀ tó pé, kí òun lọ wo omi tí wọ́n ń mu. Bó bá dé ni a ó dìbò.