Ohun Tó Ṣẹ́kù Sínú Irin

Pásítọ̀ kan gbé jẹnẹrétọ̀ ìjọ wọn wá sí ṣọ́ọ̀bù mi l'Ókè-Àdó. Àtìgbà tí wọ́n ti ra sólà ni wọ́n ti tì í sẹ́yìn ilé ìsìn, ó sì ti lé lọ́dún méjì. A fọ kábúrétọ̀, a fa okùn, ẹ́ńjìnnì dáhùn, ó ń dún kíkankíkan, àmọ́ gílóòbù tí a so mọ́ ọn kò tilẹ̀ ṣẹ́jú. Pásítọ̀ ní kọ́ìlì ti jóná. Mo fi tẹ́sítà wò ó. Kọ́ìlì ò jóná. Irin ló ti gbàgbé.

Bí mo ṣe máa ń sọ ọ́ nìyẹn, àwọn ọmọ iṣẹ́ mi a sì máa fi mí rẹ́rìn-ín.

Wáyà bàbà tí a wé yí irin ká ni kọ́ìlì. Bí mágínẹ́ẹ̀tì bá jókòó tì í láti àárọ̀ dalẹ́, iná kankan ò ní jáde, àfi kí ọ̀kan nínú wọn máa rìn. Lọ́dún 1831, ní London, Faraday, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, rí i pé bí òun bá ti mágínẹ́ẹ̀tì bọ inú kọ́ìlì, abẹ́rẹ́ tí òun fi ń wo iná á yẹ̀ sápá kan. Bí òun bá fà á jáde, á yẹ̀ sápá kejì. Bí òun bá dáwọ́ dúró, á padà sáyè rẹ̀. (Ọmọ alágbẹ̀dẹ ni Faraday. Kò yà mí lẹ́nu.) Nínú jẹnẹrétọ̀, ẹ́ńjìnnì ló ń bá wa ti mágínẹ́ẹ̀tì náà, tó tún ń bá wa fà á: ó ń yí i láàárín kọ́ìlì nígbà 3,000 ní ìṣẹ́jú kan. Orí kan kọjá, iná sáré lọ. Orí kejì kọjá, iná sáré bọ̀. Ìgbà 50 ló ń lọ tó ń bọ̀ bẹ́ẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan.

Mágínẹ́ẹ̀tì inú irú jẹnẹrétọ̀ yìí kò rí bíi ti ẹ̀yìn sípíkà o. Irin lásán tí a wé wáyà mọ́ ni. Iná ló ń sọ ọ́ di mágínẹ́ẹ̀tì. Iná wo? Èyí tí jẹnẹrétọ̀ náà fúnra rẹ̀ ń mú jáde. Láìsí mágínẹ́ẹ̀tì, kò síná. Láìsí iná, kò sí mágínẹ́ẹ̀tì. Èwo ló wá kọ́kọ́ dé?

Irin tó bá ti di mágínẹ́ẹ̀tì rí kì í gbàgbé tán nígbà tí a bá pa ẹ́ńjìnnì. Díẹ̀ á ṣẹ́kù, ìwọ̀nba tí tẹ́sítà á fi ka fólítì mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Díẹ̀ yẹn á bí iná díẹ̀, iná díẹ̀ á padà sára irin, irin á lágbára sí i, á tún bí iná sí i, títí yóò fi pé 220. Kí o tó ka ení, èjì, ó ti tàn. Lọ́dún 1867, ọjọ́ kan náà ni wọ́n ka ìwé Wheatstone ọmọ Gẹ̀ẹ́sì àti ti Siemens ará Jámánì lórí ọgbọ́n yìí níwájú ẹgbẹ́ onímọ̀ Royal Society ní London.

Mùsùlùmí ni mí. Ní ilé kéwú, wọ́n kọ́ mi pé Ọlọ́run ò wá ohun èlò kankan kó tó dá ayé: Ó ní kó wà, ó sì wà. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ Ifẹ̀ ni ìyá ìyá mi. Màmá a máa sọ fún wa pé omi ló bo gbogbo ayé, kí wọ́n tó da iyanrìn inú ìkarahun ìgbín sórí omi náà, tí adìyẹ ọlọ́mọ-ìka márùn-ún sì tàn án káàkiri. Lọ́mọdé, ìtàn yẹn máa ń bí mi nínú: ta ló ṣe iyanrìn? Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n rèé tí mo ti ń wé kọ́ìlì, kò bí mi nínú mọ́. N kò tíì rí jẹnẹrétọ̀ tó tan iná láti inú òfo. Ẹ̀kúnwọ́ iyanrìn ti wà nínú gbogbo wọn kí n tó fa okùn.

Ti Pásítọ̀ ni iyanrìn rẹ̀ tán. Mo yọ wáyà AVR, ìyẹn ohun tó ń darí fólítì, mo fi bátìrì ọ̀kadà, 12 fólítì, kan kábọ́ọ̀nù méjèèjì tó ń gbé iná dé ara irin fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú àáyá, mo dá wáyà padà. Gílóòbù tàn yàà.

“Halelúyà! Bàbá Mọ́ńsúrù, Ẹ̀mí Mímọ́ ni bátìrì yẹn. Màá fi wàásù lọ́jọ́ Ìsinmi.”

“Pásítọ̀, ẹ rọra. Ta ló fún bátìrì níná?”

Ẹ́ńjìnnì ọ̀kadà ni, mágínẹ́ẹ̀tì ló sì wà nínú ìyẹn náà. Ilé iṣẹ́ tó ṣe mágínẹ́ẹ̀tì yẹn, iná ni wọ́n fi ṣe é, jẹnẹrétọ̀ míì ló sì mú iná ọ̀hún wá. Bí a bá ń tọpa rẹ̀ lọ sẹ́yìn, a ó kan òkúta, torí òkúta inú ilẹ̀ ni mágínẹ́ẹ̀tì tí aráyé kọ́kọ́ mọ̀. Àwọn onímọ̀ kan sì ní àrá ló sán lù ú tó fi rí bẹ́ẹ̀. Ká ní Màmá ṣì wà láyé, wọn ì bá ti dá mi lóhùn pé àwọn mọ ẹni tó sọ àrá náà. Ààfáà mi náà á ní òun mọ Ẹni tó rán an. Èmi ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà láàárín àwọn méjèèjì, tẹ́sítà lọ́wọ́.

Mo sọ fún Pásítọ̀ pé kí wọ́n máa tan jẹnẹrétọ̀ náà ní gbogbo Sátidé, ó kéré tán ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí irin má baà tún gbàgbé. Ó yọ bírò, ó kọ ọ́ sínú ìwé ìwàásù rẹ̀.