Ṣé Imú Ni Ó Ń Yan Aya fún Kantíkantí?

Bí ọkùnrin bá kọ aya rẹ̀ sílẹ̀ nítorí obìnrin mìíràn, tí àwọn àgbà sì pè é kí ó wí tẹnu rẹ̀, ó lè wí pé: "Ẹ má bínú, ẹ̀yin bàbá mi, ara ni ó sún mi dé ibẹ̀; bí Ọlọ́run ti dá mi nìyẹn." Mo ti gbọ́ irú àwíjàre yìí ní Ìdí Arẹ́rẹ́, èsì tí wọ́n fún un kò sì tẹ́ mi lọ́rùn. Ẹlẹ́rìí tí mo fẹ́ pè sí ọ̀rọ̀ náà kéré púpọ̀: kantíkantí ni.

Ẹ kò ní wá a jìnnà. Ẹ dúró ti ìyá tí ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tí ó ti pọ́n jù, tàbí kí ẹ yọjú sí akèrègbè ẹmu. Ọ̀kan nínú ẹ̀yà rẹ̀, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Drosophila melanogaster, ilẹ̀ Áfíríkà ni ó ti ṣẹ̀ kí ó tó tàn ká ayé.

Akọ rẹ̀ kì í dédé gun abo. Yóò kọ́kọ́ tọ̀ ọ́ lẹ́yìn, yóò fi ẹsẹ̀ iwájú kàn án lára, nítorí ẹsẹ̀ náà ni ó fi ń tọ́ nǹkan wò bí àwa ti ń fi ahọ́n tọ́ ọbẹ̀ wò. Lẹ́yìn náà ni yóò na ìyẹ́ kan, tí yóò máa gbọ̀n ọ́n. Orin ìfẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Akọ yìí ní òórùn kan tí à ń pè ní cVA, a sì máa fi sí abo lára nígbà tí ó bá gùn ún. Ìwo orí ni wọ́n fi ń gbọ́ ọ. Abo tí ó gbọ́ ọ lára akọ, ọkàn rẹ̀ a máa rọ̀. Akọ tí ó gbọ́ ọ lára abo a mọ̀ pé ẹnìkan ti ṣáájú òun, a sì fà sẹ́yìn. Èdè ni mo ń kọ́, n kì í ṣe onímọ̀ kòkòrò, bóyá ìdí rẹ̀ nìyẹn tí ó fi dùn mọ́ mi pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo wà tí ìtumọ̀ rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹni tí ó gbọ́ ọ. Ní 2007, Kurtovic, Widmer àti Dickson fi hàn pé ohun kan báyìí nínú ìwo náà, Or67d, ni ó ń gba òórùn yìí. Akọ tí kò bá ní in a máa kọrin ìfẹ́ fún akọ ẹgbẹ́ rẹ̀.

Níhìn-ín, ọkùnrin wa yóò pàtẹ́wọ́: "Ẹ kò rí i? Ara ni!"

Kí ó ní sùúrù. Ní 1979, Siegel àti Hall kó akọ sọ́dọ̀ abo tí akọ mìíràn ti gùn tẹ́lẹ̀, tí kò sì gbà fún un. Nígbà tí wọ́n wá gbé akọ yìí lọ sọ́dọ̀ abo tí kò tíì mọ akọ rí, kò tún lè kọrin bíi ti tẹ́lẹ̀ fún wákàtí mélòó kan. Ara rẹ̀ kò yí padà, òórùn abo tuntun kò sì lé e sẹ́yìn. Ohun tí ojú rẹ̀ ti rí ni ó dá a dúró. Bí ìrírí bá lè tún ìfẹ́ eṣinṣin ṣe, "bí a ti dá mi" kò tíì tó fún ènìyàn láti fi gba ara rẹ̀ sílẹ̀.

Ẹnìkan lè wí pé ìrántí náà, iṣẹ́ ara ni. Mo gbà. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ń pe kantíkantí wá wí tẹnu rẹ̀. Ọkùnrin yẹn ni a pè, ó jókòó, ó ronú, ó sì ṣa èyí tí ó wù ú nínú àwíjàre. Ọgbọ́n tí ó fi ṣa á, ibo ni ó wà ní ọjọ́ tí ó ń di ẹrù aya rẹ̀? Bí àwọn olùkọ́ wa tàbí akẹ́kọ̀ọ́ kan bá rí ibi tí àlàyé mi ti jò, ojú ewé yìí ń retí èsì wọn.