Ǹjẹ́ Ohun Tí A Kọ Kẹ́yìn Ni Òdodo?

Ìbéèrè kan wà tí ó ti ń dààmú àwọn onídàájọ́ láti ìgbà ìwáṣẹ̀: bí ẹlẹ́rìí méjì bá fẹnu kò lánàá, tí ọ̀rọ̀ wọn sì takora lónìí, ta ni kí á gbà gbọ́? Àwọn kan a ní kí á gba ti ẹni tí ó sọ̀rọ̀ kẹ́yìn. Àwọn mìíràn a ní ti ẹni tí ipò rẹ̀ ga jù ni kí á gbà. Àwọn àgbà Yorùbá kò fara mọ́ èyíkéyìí nínú méjèèjì. Wọ́n ní agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Ní ayé òde òní, ìbéèrè yìí kò mọ sí ààfin àti ilé-ẹjọ́ mọ́; ó ti wọ inú kọ̀ǹpútà. Ẹni tí ó ní kọ̀ǹpútà kan lórí tábìlì níbi iṣẹ́, tí ó sì ní kọ̀ǹpútà alágbèéká tí ó ń gbé relé, tí ó ń tọ́jú fáìlì kan náà sínú méjèèjì, ti di ẹni tí ẹlẹ́rìí méjì ń jẹ́rìí fún.

Ẹ jẹ́ kí á fi olùkọ́ kan tí ó ń tọ́jú máàkì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣe àpẹẹrẹ. Ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ a máa fi máàkì 40 sí iṣẹ́ àárín sáà, a sì máa fi 60 sí ìdánwò òpin sáà. Akẹ́kọ̀ọ́ kan gba 18 nínú ti àkọ́kọ́, ó gba 42 nínú ti èkejì. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 60. Bákan náà ni àkọsílẹ̀ yìí rí nínú kọ̀ǹpútà méjèèjì. Ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, olùkọ́ náà rí i pé ìdáhùn kan wà nínú iṣẹ́ àárín sáà ọmọ náà tí a kò fún ní máàkì. Ó sọ 18 di 22 lórí kọ̀ǹpútà ilé-ẹ̀kọ́. Àpapọ̀ ibẹ̀ di 64. Ní alẹ́, nílé, níbi tí kò ti sí ohun tí ó so ẹ̀rọ méjèèjì pọ̀, ó tún ìwé ìdánwò yẹ̀ wò, ó sì rí i pé 45 ni ó tọ́ sí ọmọ náà, kì í ṣe 42. Ó tún un ṣe lórí kọ̀ǹpútà alágbèéká. Àpapọ̀ ti ibẹ̀ di 63.

Wàyí o, ẹ̀rọ kan ń wí pé 64, èkejì ń wí pé 63. Bẹ́ẹ̀ ni 67 gan-an ni máàkì ọmọ náà, kò sì sí èyí tí ó mọ 67 nínú àwọn ẹ̀rọ méjèèjì. Bí ilé-ẹ̀kọ́ náà bá ti pinnu pé ẹni tí kò bá ní 65 kò ní í wọ kíláàsì sáyẹ́ǹsì, ẹ̀dà yòówù tí a bá mú nínú méjèèjì, a ti ti ọmọ ọlọ́mọ sẹ́yìn láìṣẹ̀ láìrò.

Ìdáhùn àkọ́kọ́ tí àwọn ètò kọ̀ǹpútà kan ń fún ìṣòro yìí ni pé kí ohun tí a kọ kẹ́yìn borí. Ètò náà a wo àkókò tí a fọwọ́ kan fáìlì kọ̀ọ̀kan kẹ́yìn, a sì fi tuntun rọ́pò èyí tí ó ti pẹ́. Ó rọrùn, kì í sì í yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ṣùgbọ́n nínú àpẹẹrẹ yìí, 63 ni yóò borí. Iṣẹ́ ọ̀sán yóò sì parẹ́ láìsí ariwo. Yàtọ̀ sí èyí, aago ni a fi jẹ adájọ́ níbí, aago a sì máa ṣìnà. Bí bátìrì kékeré tí ó ń gbé aago inú kọ̀ǹpútà ró bá ti kú, tí iná sì lọ, aago náà lè padà sí ọdún tí ó ti kọjá tipẹ́ nígbà tí a bá tún tan ẹ̀rọ náà. Iṣẹ́ òní yóò wá dà bí iṣẹ́ àtijọ́.

Kódà bí aago bá péye, ọ̀rọ̀ kò tíì tán. Ní 1978, Leslie Lamport, onímọ̀ kọ̀ǹpútà ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, fi hàn nínú àpilẹ̀kọ kan pé láàárín àwọn ẹ̀rọ tí ó wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ìṣẹ̀lẹ̀ méjì lè wà tí kò ní í ṣeé sọ pé ọ̀kan ṣáájú èkejì, bí ìròyìn kankan kò bá ti ọ̀dọ̀ ọ̀kan dé ọ̀dọ̀ èkejì. Ohun tí èyí ń kọ́ wa ni pé kọ̀ǹpútà alágbèéká kò gbọ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ nígbà tí ó ń kọ 63. Òun ni ó sọ̀rọ̀ kẹ́yìn lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe èsì ni ó ń fọ̀. Ẹni tí kò gbọ́ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ kò lè dá ọ̀rọ̀ náà nù.

Ìdáhùn kejì ni pé kí á fi ẹ̀rọ kan jẹ olórí. Ohunkóhun tí ó bá wà lọ́dọ̀ olórí, kí ó wà lọ́dọ̀ ọmọlẹ́yìn. Ohunkóhun tí kò bá sí lọ́dọ̀ olórí, kí á pa á rẹ́ lọ́dọ̀ ọmọlẹ́yìn. Ètò rsync, tí Andrew Tridgell àti Paul Mackerras gbé jáde ní ilẹ̀ Australia ní 1996, lè ṣe iṣẹ́ yìí bí a bá pa á láṣẹ bẹ́ẹ̀. Ọgbọ́n rẹ̀ ni pé bí ó bá ń fi fáìlì ránṣẹ́ sí ẹ̀rọ mìíràn, kì í kó odidi rẹ̀ lọ. Ibi tí ó ti yí padà ni ó ń fi ránṣẹ́. Ètò bẹ́ẹ̀ dára fún ẹni tí kì í kọ ohunkóhun sórí ẹ̀rọ kejì. Ṣùgbọ́n bí olúwa rẹ̀ bá ṣèèṣì pa fáìlì kan rẹ́ lọ́dọ̀ olórí, ọmọlẹ́yìn yóò pa tirẹ̀ náà rẹ́ tìgbọràn-tìgbọràn. Ẹ̀dà méjèèjì yóò wá ṣọ̀kan, àríyànjiyàn kò ní í sí, ṣùgbọ́n orí òfo ni wọn yóò ti ṣọ̀kan. Ìdí nìyí tí àwọn tí ó mọ iṣẹ́ náà fi ń kìlọ̀ pé mímú ẹ̀dà méjì dọ́gba yàtọ̀ sí fífi ẹ̀dà pa mọ́. Ẹ̀dà ìpamọ́ gbọ́dọ̀ wà níbi tí ọwọ́ àṣìṣe òní kò ti lè tó o. Ìṣọ̀kan dára, ṣùgbọ́n ìṣọ̀kan kì í ṣe òdodo.

Bí ìṣọ̀kan kì í tií ṣe òdodo, bẹ́ẹ̀ náà ni ìyàtọ̀ kì í fi gbogbo ìgbà jẹ́ ìjà. Ẹ̀rí èyí wà nínú àkọtọ́ Yorùbá. Ọ̀nà bíi mẹ́ta ni a lè gbà kọ lẹ́tà ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà. A lè kọ ẹ gẹ́gẹ́ bí lẹ́tà kan, kí á wá fi àmì ohùn òkè lé e. A lè kọ é gẹ́gẹ́ bí lẹ́tà kan, kí á wá fi àmì sí i nísàlẹ̀. A sì lè kọ e lásán, kí àmì méjèèjì tẹ̀ lé e. Lójú ènìyàn, ọ̀kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà tí ẹ̀rọ fi ń dá wọn mọ̀ yàtọ̀. Ìlànà Unicode ní kí á kà wọ́n sí ọgba, síbẹ̀ kì í ṣe gbogbo ètò ni ó ń pa ìlànà náà mọ́. HFS Plus, ètò ìtofáìlì tí ilé-iṣẹ́ Apple gbé jáde ní 1998, a máa tú irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ sí wẹ́wẹ́ nínú orúkọ fáìlì. Linux ní tirẹ̀ a máa fi orúkọ sílẹ̀ bí ó ti bá a. Nítorí náà, fáìlì kan tí a pè ní Ẹ̀kọ́ lè ti ọ̀dọ̀ ọ̀kan lọ sọ́dọ̀ èkejì, kí ètò tí kò fura sì kà á sí fáìlì méjì. Ẹni tí ó bá ń wá òdodo kò gbọdọ̀ fi ojú lásán ṣe ìdájọ́, ìbáà ṣe ìjọra ni ó rí, ìbáà ṣe ìyàtọ̀.

Ìdáhùn kẹta ni ó jinlẹ̀ jù. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ìdáhùn méjì àkọ́kọ́ kò wo ẹ̀yìn rárá. Ìdáhùn kẹta ni ó wò ó. Ètò Unison, tí Benjamin Pierce àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní Yunifásítì Pennsylvania, a máa tọ́jú àkọsílẹ̀ bí ẹ̀dà méjèèjì ti rí nígbà tí wọ́n dọ́gba kẹ́yìn. Bí fáìlì kan bá wà níhìn-ín tí kò sí lọ́hùn-ún, ta ni yóò sọ bóyá tuntun ni, tàbí a ti pa á rẹ́ lọ́hùn-ún? Ẹni tí kò rántí àná kò lè mọ̀ ọ́n. Bí ó bá wà nínú àkọsílẹ̀ àná, a jẹ́ pé pípa ni a pa á rẹ́. Bí kò bá sí níbẹ̀, tuntun ni. Bí ẹ̀dà kan ṣoṣo bá yí padà, ètò náà a gbé ìyípadà rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ èkejì. Ṣùgbọ́n bí méjèèjì bá yí padà, a dúró, a sì ké sí olúwa fáìlì pé kí ó wá wò ó. Dropbox, tí a ṣí fún gbogbo ayé ní 2008, a máa ṣe ohun tí ó fara jọ ọ́: a fi ẹ̀dà méjèèjì sílẹ̀, a sì kọ ọ́ sára orúkọ ọ̀kan pé ìtakora ti wáyé.

Ẹ jẹ́ kí á padà sọ́dọ̀ ọmọ tí ọ̀rọ̀ kàn. Ẹni tí ó bá rántí pé 18 àti 42 ni ó wà níbẹ̀rẹ̀ yóò rí i kíá pé ẹ̀rọ kan yí ti àkọ́kọ́ padà, èkejì sì yí ìkejì. Yóò mú 22 níhìn-ín, yóò mú 45 lọ́hùn-ún, yóò sì ní 67. Òdodo tí kò sí lẹ́nu ẹlẹ́rìí kankan wá jáde nígbà tí a rántí ibi tí àwọn méjèèjì ti jọ gbéra. Síbẹ̀, ẹ̀rọ tí ó kàn ń to nọ́ńbà pọ̀ lè mú 22, kí ó mú 45, kí ó sì fi 64 sí ìdí wọn. Ẹni tí ó mọ ohun tí àpapọ̀ túmọ̀ sí ni yóò mọ̀ pé irọ́ ni.

Ẹnìkan lè jiyàn pé àìdájọ́ kì í ṣe ìwà rere, pé ẹ̀rọ tí ó bá kọ̀ láti dájọ́ kàn ń di ẹrù rẹ̀ ru ènìyàn ni, àti pé ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í tilẹ̀ ka ìkìlọ̀ kí wọ́n tó tẹ bọ́tìnnì. Òótọ́ ni apá kejì àríyànjiyàn yìí. Apá kìíní ni kò tọ́. Ẹrù ọlọ́rùn ni, ọrùn rẹ̀ ni ó sì yẹ kí ó wà. Ẹ̀rọ tí ó sọ pé òun kò mọ̀ ti ṣe òdodo. Ẹni tí ó tẹ bọ́tìnnì láìkà á ni kò ṣe é. Ojúṣe olùkọ́ ni láti mú ẹ̀dà méjèèjì dọ́gba kí ó tó kúrò níbi iṣẹ́ àti kí ó tó bẹ̀rẹ̀ nílé, láti fi ẹ̀dà kẹta pa mọ́ síbòmíràn, àti láti ka ohun méjèèjì nígbà tí a bá pè é sí ẹjọ́.

Nítorí náà, ohun tí a kọ kẹ́yìn lè jẹ́ òdodo, ó sì lè má jẹ́ ẹ. Pípẹ́ dé rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀rí. Ẹni tí yóò parí ìjà ẹlẹ́rìí méjì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ béèrè ibi tí ọ̀rọ̀ wọn ti jọ bẹ̀rẹ̀, kí ó gbọ́ ti ọ̀kan, kí ó gbọ́ ti èkejì, kí ó tó ya ẹnu rẹ̀. Bí ó bá kánjú, ọmọ tí kò mọ̀wọ́ tí kò mẹsẹ̀ ni yóò jẹ gbèsè rẹ̀.